Ìbọn Tó Dùn Ún Gbá Mú, Ìbọn Tó Dùn Ún Yìn

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìjókòó. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí èèyàn ṣe lè yẹ ìbọn ìléwọ́ wò kó sì mọ̀ bóyá ó bá ọwọ́ òun mu, àwọn tó ń lo màgásíìnì yẹn ni mò ń sọ o, ìyẹn àpótí kékeré tí wọ́n ń to ọta sí tí wọ́n ń tì bọ inú ìdí ìbọn, tó jẹ́ pé ẹ fa tíríga lẹ́ẹ̀kan, ọta kan jáde, agbára ọta yẹn náà ló máa ti sìláìdì, irin gígùn orí ìbọn tó máa ń lọ tó ń bọ̀, sẹ́yìn, táá ju èèpo dànù, tí sípíríǹgì á wá ti sìláìdì padà síwájú kó lè gbé ọta míì wọlé. Wọ́n fún mi ní ogójì ìṣẹ́jú. Mo mọ ara mi, ẹ má bínú tí mo bá kọjá a.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí ìtìjú ara mi. Ìbọn àkọ́kọ́ tí mo fi owó ara mi rà, bí mo ṣe gbé e sọ́wọ́ báyìí, ó jókòó pẹ̀sẹ̀, àfi bíi pé ọwọ́ mi ni wọ́n fi wọn ìdí ẹ̀ kí wọ́n tó rọ ọ́. Mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì, mo ń rẹ́rìn-ín bíi ọkọ ìyàwó, mo sanwó. Ìgbà tí mo gbé e dé ibi tá a ti ń yìn, mi ò tíì yin màgásíìnì méjì tán tí mo rí nǹkan pupa lára ìdí ìbọn, mo kọ́kọ́ rò pé ọ̀dà ni. Ẹ̀jẹ̀ mi ni. Hámà ìbọn náà, irin kékeré ẹ̀yìn tó máa ń gbá a kó lè yìn, gbogbo ìgbà tí sìláìdì bá ti ta á sẹ́yìn ló ń bu ẹran àárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá mi jẹ. Ìbọn tó rọ̀ lọ́wọ́ mi bí òwú nígbà tí kò sí ọta nínú ẹ̀ nìyẹn o.

Ohun tí mo wá sọ lónìí ò ju ìyẹn lọ. Dídùn lọ́wọ́ nígbà tí ìbọn dákẹ́, nǹkan kan nìyẹn. Ṣíṣeé kápá nígbà tó bá ń ké, nǹkan míì ni. Àwọn méjèèjì máa ń pàdé nígbà míì, àmọ́ wọn kì í ṣe ìbejì.

Ká tó lọ jìnnà ṣá. Kí ẹ tó gbé ìbọn kankan láti fi yẹ̀ ẹ́ wò, ì báà jẹ́ ti àbúrò yín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé "kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀", ẹ yọ màgásíìnì, ẹ fa sìláìdì sẹ́yìn kó há síbẹ̀, ẹ yọjú wo ihò tí ọta máa ń jókòó sí, ẹ tún ki ọmọńdinrín bọ̀ ọ́ torí ojú máa ń purọ́ fún èèyàn. Màgásíìnì lẹ ṣáájú yọ o! Tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ fa sìláìdì, tẹ́ ẹ wá yọ màgásíìnì lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ti lè fi ọwọ́ ara yín gbé ọta tuntun wọlé, ọta kan ṣoṣo tó kù sínú ọ̀pá yẹn ló ti sọ ọ̀pọ̀ ilé di ilé ẹkún. Jeff Cooper, ọmọ Amẹ́ríkà tó ti ṣe ṣọ́jà Marine rí, òfin mẹ́rin ló fi kọ́ àwọn èèyàn, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: gbogbo ìbọn ló ní ọta nínú, má kọ ẹnu ìbọn sí ohun tí o ò fẹ́ bà jẹ́, má fi ìka kan tíríga àfi tí sáìtì, ibi tá a fi ń fojú sun lórí ìbọn, bá ti wà lórí ohun tí o fẹ́ yìn, mọ ohun tí o fẹ́ yìn àti ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Gbogbo ohun tí mo bá ní kẹ́ ẹ dán wò lónìí, abẹ́ òfin mẹ́rin yẹn ló wà.

Ó yá, ọwọ́. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ẹni tó pa òwe yẹn ò ronú ìbọn rárá, àmọ́ mi ò mọ òwe tó bá ọ̀rọ̀ ìbọn ìléwọ́ mu jù ú lọ. Ìdí ìbọn tó kún ọwọ́ ọkùnrin kan dáadáa, ìyàwó ẹ̀ lè gbé e kí ìka ẹ̀ má dé tíríga. Ibi tí àwọn èèyàn ti máa ń tan ara wọn jẹ nìyẹn, torí ìka tí kò dé, ẹni tó ni ín máa wá ọgbọ́n dá sí i: á yí ìbọn díẹ̀ nínú àtẹ́lẹwọ́, ìka á wá dé, inú á dùn. Ẹ wá wo ẹ̀yìn ìbọn yẹn. Kò bá egungun apá mu mọ́, ó ti ya síta, orí oríkèé àtàǹpàkò ló wá jókòó lé, tó bá tàpá báyìí oríkèé yẹn ló máa gbà á. Tí ọjọ́ bá pẹ́, wọ́n á ní làkúrègbé ni.

Bẹ́ ẹ ṣe máa wò ó rèé. Ẹ fi ọwọ́ òsì mú ìbọn tí kò lọ́ta nínú yẹn lórí, ẹ wá ti ìdí ẹ̀ bọ àlàfo àárín àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá ọwọ́ ọ̀tún, kó ga dé ibi tó lè ga dé, lábẹ́ ibi tó yọ bí ìrù lẹ́yìn yẹn. Ọ̀pá ìbọn àti egungun apá yín gbọ́dọ̀ wà lójú ìlà kan náà, bí ẹni tó na ìka sí nǹkan lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹ má yí i mọ́ o. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti na ìka sí tíríga. Tó bá jẹ́ ẹran ìka ló bọ́ sórí ẹ̀, láàárín orí ìka sí oríkèé àkọ́kọ́, ìbọn yẹn ń bá yín sọ̀rọ̀ ire. Tó bá jẹ́ góńgó ìka nìkan ló ń fọwọ́ kàn án, ẹ ò ní fà á, ẹ máa máa tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, ọta ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún á sì sábà máa lọ sósì. Tí ìka bá wá wọlé kọjá oríkèé, òdìkejì ni.

Kí ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ṣe fáàrí nìyí, ṣọ́jà gan-an ti sunkún ẹ̀ rí. Ọdún 1911 làwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gba ìbọn tí John Browning ṣe, tá a mọ̀ sí M1911. Ìgbà yẹn, ọwọ́ kan ni wọ́n fi ń yìnbọn ìléwọ́, ẹlẹ́ṣin ni wọ́n sì ní lọ́kàn, torí ọwọ́ kejì wà níbi ìjánu ẹṣin. Wọ́n gbé e lọ ogun àgbáyé kìíní, àwọn tó lò ó wá dé pẹ̀lú àròyé: tíríga jìnnà sí àwọn tọ́wọ́ wọn kéré, hámà ń já àwọn kan jẹ, ẹnu ìbọn sì máa ń tẹ̀ sílẹ̀ tí wọ́n bá ṣàdédé nà án. Láàárín 1924 sí 1926 wọ́n tún un ṣe, wọ́n pè é ní M1911A1. Wọ́n gé tíríga kúrú, wọ́n gbẹ́ irin lẹ́yìn tíríga lápá méjèèjì kí ìka lè rí ọ̀nà gbà, wọ́n fa ìrù ẹ̀yìn yẹn gùn sí i kí hámà má rí ẹran jẹ mọ́, wọ́n sì mú kí ẹ̀yìn ìdí ẹ̀ wú síta díẹ̀ kí ẹnu ìbọn lè gbé sókè. Ẹ kíyè sí i pé wọn ò fọwọ́ kan bí ìbọn yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú. Ọ̀nà tí ọwọ́ ń gbà bá a pàdé ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n tún ṣe.

Lóde òní ó ti rọrùn díẹ̀. Walther P99, ìbọn àwọn ará Jámánì tó jáde ní nǹkan bí ọdún 1997, wà lára àwọn tó tètè gbé ẹ̀yìn ìdí tó ṣeé pààrọ̀ jáde, ẹ yọ èyí tó tóbi, ẹ fi èyí tó kéré sí i. Ilé iṣẹ́ Glock ò ṣe irú ẹ̀ àfi nígbà ìran kẹrin ìbọn wọn, 2010. Heckler & Koch tiẹ̀ wá ṣe VP9 tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ òsì, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ẹ̀yìn lẹ lè pààrọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. SIG P320, èyí táwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà mú ní January 2017 tí wọ́n sọ ní M17, odindi ìdí rọ́bà ẹ̀ lẹ lè bọ́ kúrò bí aṣọ kẹ́ ẹ fi èyí tó kéré tàbí èyí tó tóbi sí i. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yẹn gan-an. Ohun tí mi ò fẹ́ràn ni kí ẹnì kan jókòó sí ọ́fíìsì kó bá mi pinnu ibi tí ìka mi kọ̀ọ̀kan máa wà. Ẹ wo àwọn pàlàpálá ìka tí Glock gbẹ́ síwájú ìdí ìbọn ẹ̀ nígbà ìran kẹta, tí wọ́n gbé wọ ìran kẹrin. Ẹni tí ìka ẹ̀ bá jókòó sínú ẹ̀ geere, ó máa ń yìn wọ́n lógo. Tèmi, orí òkè kékeré àárín wọn gan-an ni ìka mi máa ń bọ́ sí, àfi bí ẹni tó jókòó sórí apá àga. Ìran karùn-ún dé ní 2017, wọ́n fá gbogbo ẹ̀ dànù. Mo pàtẹ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ àwọn bọ́tìnì báyìí, torí ibí yìí ni mo ti jẹ ìyà mi kejì. Mo ní ìbọn kan, ìbọn gidi, àmọ́ tí ọta bá tán nínú ẹ̀, sìláìdì kì í dúró sẹ́yìn bó ṣe yẹ. Ó máa padà wá pa dé ni, èmi á máa fa tíríga, táá sọ pé kpá, mi ò ní mọ̀ pé ọta ti tán. Mo pààrọ̀ màgásíìnì, kò yí padà. Mo pààrọ̀ ọta, kò yí padà. Mo bá gbé e lọ bá bàbá kan tó ń tún ìbọn ṣe, mo ti múra láti sanwó sípíríǹgì. Bàbá ò tú nǹkan kan, wọ́n ní kí n yìn ín kí àwọn wò. Mo ki ọta mẹ́ta sínú màgásíìnì, mo yìn ín, ó tún ṣe iṣẹ́ ẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé bàbá ò wo ìbọn yẹn rárá látìgbà yẹn, ọwọ́ mi ni wọ́n tẹjú mọ́. Wọ́n fi ìka kan gbé àtàǹpàkò mi sókè, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìwọ lo ń tẹ irin yẹn mọ́lẹ̀." Irin pẹlẹbẹ tó máa ń dá sìláìdì dúró ni àtàǹpàkò mi ń sùn lé. Nígbà tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú tí àtàǹpàkò méjèèjì á kọjú síwájú, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé àwọn ìbọn kan wà tó jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni irin yẹn wà. Wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ìbá sàn kí wọ́n gbà á, ẹ̀rín tí wọ́n rín yẹn wọ́n ju owó lọ.

Torí náà tẹ́ ẹ bá ti di ìbọn mú bẹ́ ẹ ṣe máa dì í mú tó bá ń ké, tí kì í ṣe bẹ́ ẹ ṣe ń dì í mú níwájú fọ́tò, ẹ wo ohun tí àtàǹpàkò yín ń kàn. Ẹ gbìyànjú bọ́tìnì tó ń ju màgásíìnì sílẹ̀: ṣé ẹ lè tẹ̀ ẹ́ láì yí ọwọ́ padà? Tí kò bá ṣeé ṣe, báwo lẹ ṣe máa yí i? Ẹ tún wò ó bóyá ẹ lè ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́, torí èyí tó yọ síta jù náà níṣòro tiẹ̀. Àwọn ìbọn àtijọ́ kan, bíi Walther P38, ìsàlẹ̀ ìdí ni nǹkan tó ń tú màgásíìnì sílẹ̀ wà, ọwọ́ kejì lẹ máa fi tú u, kì í yára àmọ́ kì í ṣèèṣì tú. Heckler & Koch fi tiwọn sábẹ́ igbá tíríga, irin tó yí tíríga ká, bí ahọ́n kékeré méjì, ọ̀tún àti òsì, àwọn èèyàn ń kùn pé àwọn ò mọ̀ ọ́n lò, ẹ̀yin ọlọ́wọ́ òsì wá ń dúpẹ́. Ọlọ́wọ́ òsì, ẹ kú ìrọ́jú o, torí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìbọn ni wọ́n ti ṣe bíi pé ẹ ò sí láyé.

Sẹ́fútì náà ńkọ́, nǹkan tí kì í jẹ́ kí ìbọn yìn tẹ́ ẹ bá tì í? Beretta 92, tó di M9 lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní 1985, orí sìláìdì ni sẹ́fútì tiẹ̀ wà. Ó lẹ́wà níbẹ̀. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi ìpayà gbá sìláìdì yẹn mú láti fà á, ọwọ́ yín lè tẹ sẹ́fútì wálẹ̀ láìmọ̀, ẹ máa wá na ìbọn síwájú, ẹ fa tíríga, kẹ́kẹ́ pa.

Ọ̀rọ̀ ìtàpá. Gbogbo ìbọn ló ń tàpá, ìyàtọ̀ wà nínú ibi tí ìtàpá yẹn ń gbà. Tí ọ̀pá ìbọn bá ga jìnnà sókè ọwọ́, bí ìgbà tí wọ́n fi igi gígùn ti èèyàn lórí ni, ẹnu ìbọn á fò sókè. Tó bá sún mọ́ ọwọ́, tààrà ló máa ti apá yín sẹ́yìn, sáìtì á sì tètè padà síbi tó wà. Heckler àti Koch yẹn náà, àwọn ará Jámánì tó ṣe H&K P7 mọ ìyẹn, ọ̀pá ìbọn yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó sórí ìka gan-an, ìdí ẹ̀ lẹ sì máa fún pọ̀ kó tó lè yìn. Àlébù ẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ gbígbóná láti ara ọta ló fi ń dá sìláìdì dúró díẹ̀, tẹ́ ẹ bá yìn ín lemọ́lemọ́ irin òkè tíríga á gbóná débi tí ìka ò ní fẹ́ dúró síbẹ̀ mọ́. CZ 75 ní ọgbọ́n tiẹ̀: inú irin ìdí ìbọn ni sìláìdì ń gbà lọ, kì í ṣe ìta bíi ti ọ̀pọ̀ yòókù, ìyẹn jẹ́ kó wà nílẹ̀ dáadáa, ìdí ẹ̀ sì dùn ún dì mú, ibẹ̀ ni mo gbà pé dídùn méjèèjì ti pàdé. Àmọ́ ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ fa sìláìdì ẹ̀ tí ọwọ́ yín bá ti làágùn, irin tó yọ síta fún yín láti dì mú kéré gan-an. Kò sóhun tó dára tí kò níbi tó kù sí.

Ìwọ̀n ìbọn wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Glock 17 tí kò sí màgásíìnì nínú ẹ̀, bíi gíráàmù 625 ni. Ọta 9 mm kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù 12, ẹ ṣírò ọta mẹ́tàdínlógún tí màgásíìnì ẹ̀ ń gbà, ó lé ní igba gíráàmù, ẹ wá fi màgásíìnì kún un. Ìbọn tẹ́ ẹ gbé lófo nínú ṣọ́ọ̀bù kọ́ lẹ máa yìn. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ọta ẹ̀tàn tí wọ́n fi ń dánra wò kẹ́ ẹ ki kún màgásíìnì, ẹ máa rí i pé ibi tí ìbọn ń tẹ̀ sí ti yàtọ̀. Ìbọn tó fúyẹ́ sì máa ń fẹ́ ọrùn ọwọ́ tó le. Tí ọrùn ọwọ́ bá dẹ̀, odindi ìbọn ló máa bá sìláìdì lọ sẹ́yìn, sìláìdì ò ní rin ìrìn ẹ̀ tán, èèpo ọta á há sẹ́nu ọ̀nà, ẹ ó wá máa bú ẹni tó ṣe ìbọn.

Tíríga, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀ torí ó tó ọ̀rọ̀ ọjọ́ tiẹ̀. Beretta tí mo dárúkọ yẹn, fífà àkọ́kọ́ gùn ó sì wúwo, lẹ́yìn ìyẹn á fúyẹ́, a jẹ́ pé tíríga méjì lẹ máa kọ́ nínú ìbọn kan. Glock, bákan náà ló rí láti àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Nǹkan tí mo máa ń ṣe nílé rèé: tí mo bá ti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì pé kò sọ́ta nínú ẹ̀, tí gbogbo ọta sì wà ní yàrá míì, mo máa ń gbé èèpo ọta kan dúró sórí sáìtì iwájú, màá wá rọra fa tíríga. Tí èèpo yẹn bá já bọ́, tíríga yẹn tàbí ìka mi ń gbọn ìbọn. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìka mi ni.

Sáìtì, ẹ di ojú, ẹ gbé ìbọn òfìfo sókè sí ara ògiri tí kò séèyàn lẹ́yìn ẹ̀, ẹ la ojú. Tí sáìtì iwájú bá ti yọ jù sókè, tàbí tó bá rì sínú ti ẹ̀yìn, bí ìdí ìbọn yẹn ṣe dà ló fà á. Ìdí Glock dà sẹ́yìn ju ti 1911 lọ, ẹni tí ọ̀kan bá ti mọ́ lára máa rí ìkejì bí àjèjì. Ó ṣeé kọ́ ṣá, kì í ṣe àrùn.

Àwọn tí ọwọ́ wọn ò lágbára mọ́, tàbí tí oríkèé ń dùn, sìláìdì ló ń lé wọn sẹ́yìn. Ẹ má fi ọwọ́ kan dúró kí ọwọ́ kejì máa fà. Ẹ mú ìbọn wá sítòsí àyà, kí ẹnu ẹ̀ kọjú síbi tí kò léwu, kí ọwọ́ kan ti ìdí síwájú kí ìkejì dì sìláìdì mú. Smith & Wesson tiẹ̀ ṣe Shield EZ ní 2018 nítorí irú wọn, ọta .380 tí agbára ẹ̀ kéré sí ti 9 mm ni, sípíríǹgì ẹ̀ sì rọ̀. Àwọn kan ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé ìbọn ìyá àgbà ni. Ìyá àgbà tó bá lè fa sìláìdì ara ẹ̀ sàn ju ọkùnrin tó ń bẹ ọmọ ẹ̀ pé kó bá òun fà á.

Ẹnì kan ti na ọwọ́ látàárọ̀. Ọta mélòó ló yẹ kéèyàn yìn kó tó mọ̀? Tèmi, ọgọ́rùn-ún, ogún tó kẹ́yìn ni mo sì máa ń tẹ́tí sí. Nínú ogójì àkọ́kọ́ gbogbo ìbọn ló dára. Tó bá di bí àádọ́rin, ìlàágùn ti dé, ọwọ́ ti ń yọ̀, ara ìdí ìbọn tó dà bí pépà ìháyígi ti bẹ̀rẹ̀ sí í háni, ìgbà yẹn lẹ máa mọ̀ bóyá ẹ ń tún ọwọ́ tò lẹ́yìn gbogbo ọta. Tẹ́ ẹ bá ń tún un tò, ìbọn yẹn ń yọ́ kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ bu omi sọ́wọ́ kẹ́ ẹ yin márùn-ún. Ẹ fi ọwọ́ kan yìn ín, ẹ fi ọwọ́ tí ẹ kì í lò yìn ín. Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ yín lábẹ́ iná, ibi tó pọ́n níbẹ̀ á sọ èyí tí ẹni tó ń tajà ò ní sọ.

Ìbọn méjì ló wà lórí tábìlì yìí, sìláìdì méjèèjì wà ní ṣíṣí, kò sí ọta kankan nínú gbọ̀ngàn yìí, mo ti yẹ̀ wọ́n wò, alága ti yẹ̀ wọ́n wò, ẹ̀yin náà máa yẹ̀ wọ́n wò kẹ́ ẹ tó gbé wọn. Màmá tó wọ aláwọ̀ ewé níwájú yìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Mo ti ń wo ọwọ́ yín látìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀, ó dá mi lójú pé ìka yín ò ní dé tíríga ti apá ọ̀tún yìí, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ já mi nírọ́.